Ta Ló Ní Géèmù Ilẹ̀ Jàpáànù Kú?

Ìtàn kan wà tí àwọn tó ń kọ̀wé nípa géèmù ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ti sọ títí tó fi di ohun tí ẹnikẹ́ni kì í wádìí mọ́. Wọ́n ní láti ọdún 1978 tí Space Invaders ti ilé iṣẹ́ Taito ti jáde títí di ayé PlayStation 2, àwọn ará Jàpáànù ni ọ̀gá nídìí géèmù ṣíṣe. Wọ́n ní nígbà tó di nǹkan bí ọdún 2006, ọgbọ́n tán lọ́wọ́ wọn, àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà àti Kánádà sì gba ipò náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní ọdún 2017 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí padà. Ìtàn náà dùn-ún gbọ́: ọlá wà níbẹ̀, ìṣubú wà níbẹ̀, àjíǹde ló sì kádìí rẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé apá àárín rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn ni pé àwọn tó ń ṣèdájọ́ pààrọ̀ òṣùwọ̀n wọn, ohunkóhun tí òṣùwọ̀n tuntun náà kò bá sì gbà, wọ́n kà á sí ohun tí kò sí. Ọ̀rọ̀ náà ì bá má tó nǹkan bó bá jẹ́ pé inú ìwé ìròyìn ló mọ sí, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ ilé iṣẹ́ ní Jàpáànù gbà á gbọ́, wọ́n sì ná owó ńlá lé e lórí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọjà. Nintendo DS, ẹ̀rọ alágbèéká tó jáde ní ìparí ọdún 2004, tà tó mílíọ̀nù 154 káàkiri àgbáyé. Wii jáde ní ìparí 2006, ọdún tí wọ́n ní ìṣubú náà bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ó tà ju mílíọ̀nù 101 lọ, ó sì fi Xbox 360 ti Microsoft sẹ́yìn. Wii Sports nìkan dé ilé tó lé ní mílíọ̀nù 80, lóòótọ́ nítorí pé wọ́n ń fi í sínú páálí ẹ̀rọ náà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ẹnìkan lè sọ pé ọjà títà kì í ṣe ẹ̀rí pé iṣẹ́ dára. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ká kúrò lọ́jà nígbà náà, ká lọ bá àwọn lámèyítọ́ fúnra wọn. Super Mario Galaxy jáde ní 2007, èkejì rẹ̀ sì tẹ̀lé e ní 2010. Lórí Metacritic, níbi tí wọ́n ti ń kó máàkì àwọn lámèyítọ́ jọ sójú kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gba 97 nínú 100. Edge, ìwé ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń ṣahun máàkì gidigidi, fún méjèèjì ní 10 nínú 10, ó sì fún Bayonetta ti ilé iṣẹ́ PlatinumGames, tó jáde ní Jàpáànù ní 2009, ní 10 bákan náà. Ìyẹn ni pé ọwọ́ tó ń kọ ìkéde òkú náà ló ń fún òkú ní máàkì tó ga jù lọ. Báwo ni èèyàn ṣe ń gba nǹkan méjì yìí gbọ́ pa pọ̀? Wọ́n ní Nintendo yàtọ̀, pé kò sí nínú ohun tí àwọn ń wí. Tí a bá ti wá yọ Nintendo kúrò, tí a yọ gbogbo ẹ̀rọ alágbèéká, tí a yọ géèmù orí fóònù, tí a sì yọ gbogbo èyí tí wọn kò tíì túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù ni wọ́n ń pè ní Jàpáànù, òun náà ni wọ́n sì jókòó tí wọ́n ń dárò.

Òṣùwọ̀n wo ni wọ́n ń lò? Lẹ́yìn ọdún 2005, ohun tí àwọn ìwé ìròyìn géèmù èdè Gẹ̀ẹ́sì kà sí géèmù gidi ni èyí tó ń ṣiṣẹ́ lórí Xbox 360 tàbí PlayStation 3, tí àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá, tí ìnáwó rẹ̀ ń sún mọ́ ti fíìmù Hollywood, tó sì sábà máa ń jẹ́ ìtàn ológun tó ń yìnbọn. Ohun tó dára wà nínú irú géèmù bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ rọ́ Call of Duty 4 ti ọdún 2007 sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ní àkókò kan náà, àwọn ará Jàpáànù ń gbé géèmù kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo wákàtí gbọọrọ nínú ọkọ̀ ojú irin lójoojúmọ́, ẹ̀rọ tó ń wọ àpò ló sì bá ìgbé ayé wọn mu. Dragon Quest, tí Yuji Horii ti ń ṣe láti ọdún 1986, tí gbogbo orílẹ̀-èdè náà mọ̀ bí ẹni mọ owó, gbé apá kẹsàn-án rẹ̀ jáde ní 2009, kì í ṣe lórí PlayStation 3, orí DS ni. Famitsu, ìwé ìròyìn géèmù tó lórúkọ jù níbẹ̀, fún un ní 40 nínú 40, ó sì tà ju mílíọ̀nù 4 lọ ní Jàpáànù nìkan. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Monster Hunter Portable 3rd jáde lórí PSP, òun náà tà ju mílíọ̀nù 4 lọ, àwọn ọ̀dọ́ sì ń jókòó ní mẹ́rin mẹ́rin nílé oúnjẹ tí wọ́n jọ ń ṣọdẹ ẹranko abàmì kan ṣoṣo. Ẹ̀dà PSP yẹn kò dé Amẹ́ríkà tàbí Yúróòpù títí dòní. Ní oṣù Kejì ọdún 2012 ni Puzzle & Dragons bọ́ sórí fóònù, tó wá pa owó tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Ẹni tó bá gbé kóńgò lọ sí ìsọ̀ aláṣọ máa padà sílé wá sọ pé aṣọ ti tán lọ́jà, ohun tí àwọn akọ̀ròyìn wọ̀nyí sì ṣe nìyẹn.

Kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìtàn mìíràn tí wọ́n máa ń sọ ni pé géèmù kú pátápátá ní 1983, tí Nintendo fi wá jí i dìde, àwọn tó fẹ́ràn Jàpáànù ló sì máa ń sọ ìyẹn jù. Ọjà Amẹ́ríkà ló wó lọ́dún náà, Atari ló sì jẹ nínú ìyà rẹ̀ jù. Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 1983 yẹn gan-an ni Nintendo gbé Famicom jáde ní Jàpáànù, tí Sega sì gbé SG-1000 tirẹ̀ jáde lọ́jọ́ kan náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọdékùnrin ń fi ZX Spectrum ṣe géèmù nínú yàrá wọn, wọn kò sì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni kú. Oríyìn ni ìtàn ọdún 1983 fún Jàpáànù, ìtàn ọdún 2006 jẹ́ èébú, ṣùgbọ́n ojú Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n fi wo ayé nínú méjèèjì.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ lọ́wọ́ mi ni Demon's Souls, nítorí kò gbe ẹnikẹ́ni lẹ́yìn pátápátá, kódà kò gbe àwọn ará Jàpáànù pàápàá. Ilé iṣẹ́ FromSoftware ló ṣe é, Hidetaka Miyazaki ló darí rẹ̀, ó sì jáde ní Jàpáànù ní oṣù Kejì ọdún 2009. Famitsu fún un ní 29 nínú 40. Shuhei Yoshida, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà nígbà náà lórí gbogbo ibi tí Sony ti ń ṣe géèmù lágbàáyé, gbìyànjú rẹ̀ kó tó jáde, kò lè kúrò níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn bí wákàtí méjì, ó sì kà á sí géèmù tí kò dára rárá. Òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ èyí nígbà tó yá. Sony ní Amẹ́ríkà kọ̀ láti gbé e jáde. Àwọn òṣèré tó mọ ohun tí wọ́n ń wá ló kọ́kọ́ mọ iyì rẹ̀: wọ́n ra ẹ̀dà tí wọ́n ṣe fún Éṣíà, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn rẹ̀ fún ara wọn. Ní oṣù Kẹwàá ni Atlus, tí kò tó Sony lọ́nàkọnà, wá gbé e jáde ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ọdún sì máa fi parí, GameSpot ti sọ ọ́ di géèmù ọdún náà. Gbogbo ohun tí wọ́n ní ó ti kú ní Jàpáànù wà nínú géèmù kan yìí: ìgboyà, ọgbọ́n àrà, àìbìkítà fún ohun tó wà ní àṣà. Ó ń fìyà jẹ òṣèré tó bá kú nínú rẹ̀, kì í sọ ọ̀nà fún ẹnikẹ́ni, ó sì jẹ́ kí òṣèré kan kọ ìkìlọ̀ sílẹ̀ fún òṣèré mìíràn tí kò rí rí. Láti inú rẹ̀ ni Dark Souls ti jáde ní 2011, láti ibẹ̀ ni a ti dé Elden Ring tó gba àmì ẹ̀yẹ géèmù ọdún ní The Game Awards ti 2022. Ọdún tí a bá fẹ́ sọ pé Jàpáànù kò ní ọgbọ́n kankan mọ́, kò yẹ kó jẹ́ 2009.

Síbẹ̀, ọdún 2009 náà ni Keiji Inafune sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé gbé kiri. Níbi ìpàtẹ Tokyo Game Show ní oṣù Kẹsàn-án, oṣù méje lẹ́yìn tí Demon's Souls ti wà lórí igbá, ọ̀gá Capcom yìí, tó lọ́wọ́ nínú Mega Man àti Dead Rising, sọ pé iṣẹ́ géèmù ní Jàpáànù ti parí. Àwọn tó ń bá mi jiyàn máa ń gbé èyí ka iwájú: ọmọ ilé ló sọ ọ́, kì í ṣe àlejò. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rí ọmọ ilé, ṣùgbọ́n ó yẹ ká bi í léèrè ohun tó fẹ́ kí wọ́n ṣe sí i. Ìmọ̀ràn Inafune ni pé kí Capcom máa ṣe bíi ti ìwọ̀-oòrùn, kí ó sì gbé iṣẹ́ fún àwọn ilé iṣẹ́ ìwọ̀-oòrùn. Wọ́n sì ṣe é. Wọ́n gbé Bionic Commando fún GRIN ní Súwídìn, ó jáde ní 2009, ọjà rẹ̀ kò lọ, GRIN fúnra rẹ̀ sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, oṣù kan ṣáájú ọ̀rọ̀ Inafune ní Tokyo. Wọ́n gbé Dead Rising 2 fún Blue Castle ní Vancouver. Ìyẹn tà dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, Capcom tilẹ̀ ra ilé iṣẹ́ náà. Ọdún 2018 ni wọ́n tì í pa. Lost Planet 3 lọ sí Amẹ́ríkà, DmC lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, méjèèjì ní 2013, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó gbé orúkọ tí wọ́n jogún ga. Inafune ti fi Capcom sílẹ̀ ní 2010. Ní 2013, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ dá owó tó lé ní mílíọ̀nù 3.8 dọ́là jọ fún Mighty No. 9, géèmù tó fẹ́ fi rọ́pò Mega Man. Nígbà tó dé ní 2016, ó já ọ̀pọ̀ nínú wọn kulẹ̀. Mi ò sọ èyí láti fi ṣẹ̀sín. Ohun tí mò ń sọ ni pé oníṣègùn tó bá kéde àìsàn kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ká rí i pé òògùn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, òògùn yìí kò sì ṣiṣẹ́ fún ẹni tó lò ó, kò ṣiṣẹ́ fún ẹni tó kọ ọ́.

Àtakò tó le jù láti dáhùn ni ti iṣẹ́ ọwọ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n ní ẹ jẹ́ ká fi ọjà sílẹ̀, ká fi máàkì sílẹ̀: ṣé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Jàpáànù kò kọsẹ̀ nígbà tí àwòrán géèmù di èyí tó mọ́ gaara? Wọ́n kọsẹ̀. Square Enix kéde Final Fantasy Versus XIII ní 2006, ọdún mẹ́wàá kọjá kí ó tó jáde, orúkọ rẹ̀ sì ti yí padà sí Final Fantasy XV. Sony kéde The Last Guardian ní 2009, òun náà dúró di 2016. Final Fantasy XIV tó jáde ní 2010 burú débi pé wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń darí rẹ̀, wọ́n fà á lé Naoki Yoshida lọ́wọ́, òun náà sì tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀, tó fi padà dé ní 2013. Nínú bọ́ọ̀lù pàápàá, ohun tí àwọn ọmọ tó dàgbà sí ilé géèmù ní Ìbàdàn tàbí Èkó mọ̀ dáadáa, Pro Evolution Soccer ti Konami, tí ọ̀pọ̀ wọn mọ̀ sí Winning Eleven, ni ọ̀gá lásìkò PlayStation 2, àmọ́ FIFA gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ tuntun dé. Gbogbo èyí jẹ́ òótọ́. Ìbéèrè mi ni pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé nígbà tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, orúkọ orílẹ̀-èdè kì í wọ inú rẹ̀? Midway, tó ni Mortal Kombat, wọ gbèsè lọ sílé ẹjọ́ ní 2009. THQ tẹ̀lé e ní ìparí 2012. 38 Studios fọ́ ní 2012, ó sì kó ìpínlẹ̀ Rhode Island sínú gbèsè. Disney ti LucasArts pa gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ti ń ṣe géèmù ní 2013. Iye owó tí wọ́n fi ń ṣe géèmù fò sókè ní gbogbo ayé, ó sì gbé àwọn tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀ mì. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n pè é ní ìṣòro okòwò. Ní Jàpáànù, wọ́n pè é ní àìlera ẹ̀mí àwọn ènìyàn ibẹ̀, wọ́n sì wá àlàyé rẹ̀ lọ sínú àṣà, sínú ìwà, sínú bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ.

Irú àlàyé bẹ́ẹ̀ ló mú kí Phil Fish, tí òun náà ń ṣe géèmù, lè dìde ní San Francisco ní oṣù Kẹta ọdún 2012, níbi àpéjọ àwọn tó ń ṣe géèmù, kó dá ọmọ Jàpáànù kan tó béèrè èrò rẹ̀ nípa géèmù orílẹ̀-èdè òun lóhùn pé kò dára rárá, tí àwọn tó wà níbẹ̀ sì rẹ́rìn-ín. Ó tọrọ àforíjì nígbà tó yá. Oṣù tó tẹ̀lé e ni Fez tirẹ̀ jáde, géèmù tó lẹ́wà, tí gbèsè Zelda àti Super Mario sì hàn lára rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ayé tó ń yìn ín pé ẹni kan tàbí méjì lè jókòó ṣe géèmù láìsí ilé iṣẹ́ ńlá kò rántí pé Daisuke Amaya ti ṣe Cave Story ní òun nìkan fún ọdún márùn-ún, tó sì fi fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2004. Àwọn géèmù ńlá Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ń na Jàpáànù lẹ́gba náà kò ṣàìjẹ gbèsè. Gears of War ti 2006 ni wọ́n máa ń gbé wá gẹ́gẹ́ bí àmì pé ọba tuntun ti jẹ. Ojú tó ń wo òṣèré láti ẹ̀yìn èjìká ni gbogbo rẹ̀ dúró lé, Cliff Bleszinski tó darí rẹ̀ kò sì fi pa mọ́ pé Resident Evil 4 ti Shinji Mikami, tó jáde ní 2005, ló kọ́ òun. Ẹni tó kọ́ni níṣẹ́ lánàá kò lè di ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà mọ́ lónìí kìkì nítorí pé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti là.

Ẹnìkan á ní mo fẹ́ dá àwọn géèmù Jàpáànù sí, pé mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn wí. Rárá o. Ìbáwí tó tọ́ wà, ó sì ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún wọ̀nyẹn kan náà. Nígbà tí Capcom ń polówó Resident Evil 5, tí ọkùnrin aláwọ̀ funfun kan ń yìnbọn pa àwọn èèyàn dúdú tó ya wèrè nínú ìlú kan ní Áfíríkà tí wọ́n pè ní Kijuju, N'Gai Croal tó ń kọ̀wé fún Newsweek sọ ní 2008 pé àwòrán yìí ní ìtàn lẹ́yìn, pé àwọn tó yà á kò mọ ìtàn náà tàbí wọn kò bìkítà. Òótọ́ ló sọ. Èdè Swahili ni wọ́n tilẹ̀ fi sẹ́nu àwọn ará ìlú náà, bí ẹni pé ahọ́n kan ṣoṣo ni gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà fi ń sọ̀rọ̀. Ẹ wo bí ìbáwí yìí ṣe rí: ó mú géèmù kan, ó wo àwòrán kan, ó sọ ohun tó burú nínú rẹ̀ àti ìdí tó fi burú. Kò gbẹ́jọ́ orílẹ̀-èdè kan ka géèmù náà lórí. Ẹni tó bá fẹ́ bá géèmù Jàpáànù wí ní ohun púpọ̀ láti sọ, láti orí bí wọ́n ṣe ń ya obìnrin dé orí bí géèmù orí fóònù wọn ṣe ń fi tẹ́tẹ́ gba owó lọ́wọ́ ọmọdé. Ìwọ̀nyí ṣe é jiyàn lé lórí. Ìkéde ikú kò ṣe é jiyàn lé lórí, nítorí kì í dárúkọ géèmù kankan.

Àjíǹde ọdún 2017 ló kù. Lóòótọ́, oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́ ọdún yẹn kún fún géèmù Jàpáànù tó pọ̀ ju ohun tí èèyàn lè ráyè ṣe: Resident Evil 7, Yakuza 0, Nier: Automata, Breath of the Wild, Persona 5. Àwọn lámèyítọ́ wò ó, wọ́n sì kéde pé Jàpáànù ti padà dé. Ẹ wo ọjọ́ orí wọn. Yakuza 0 jáde ní Jàpáànù ní oṣù Kẹta ọdún 2015. Ọdún tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méjì ni wọ́n fi túmọ̀ rẹ̀. Persona 5 ti wà níbẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láàárín àkókò ikú ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí àjíǹde. Xenoblade Chronicles tilẹ̀ burú jù: ó jáde ní Jàpáànù ní 2010, Yúróòpù gbà á ní 2011, ṣùgbọ́n àwọn òṣèré Amẹ́ríkà ní láti kóra jọ, kí wọ́n máa kọ lẹ́tà sí Nintendo, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn ní 2012, lórí ẹ̀rọ kan náà, lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Apá kejì Trails in the Sky ti ilé iṣẹ́ Falcom jáde ní 2006, èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dé ní 2015. The Great Ace Attorney jáde ní 2015, ó dé ìwọ̀-oòrùn ní 2021. Mother 3 ti Shigesato Itoi jáde ní 2006, Nintendo kò tíì gbé e jáde ní Gẹ̀ẹ́sì títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, àwọn olólùfẹ́ ló túmọ̀ rẹ̀ fúnra wọn. Tí a bá to àwọn géèmù wọ̀nyí sí ọdún tí wọ́n ṣe wọ́n gan-an, ihò tí wọ́n ní ó wà láàárín ìtàn náà á dí. Ohun tó rọ lákòókò yẹn ni ìgboyà àwọn olówó láti túmọ̀ géèmù àti láti gbé e kọjá òkun, apá kan nínú ohun tó sì mú kí ìgboyà yẹn rọ ni ìròyìn pé Jàpáànù ti tán. Ìròyìn náà dínà fún ẹ̀rí tí ì bá ta kò ó.

Wọ́n á tún bi mí nípa Monster Hunter: World. Ó jáde ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2018, ó sì di géèmù tó tà jù nínú ìtàn Capcom, ó lé ní mílíọ̀nù 20. Wọ́n ní ṣé kì í ṣe pé Capcom gba ìmọ̀ràn ìwọ̀-oòrùn nígbẹ̀yìn ni? Ó kúrò lórí ẹ̀rọ kékeré, àwòrán rẹ̀ mọ́, ilẹ̀ rẹ̀ kò sì ní ààlà tí èèyàn gbọ́dọ̀ dúró dè kí ó ṣí. Ọ̀rọ̀ gidi wà nínú èyí, mi ò sì ní sọ pé ìrọ̀rùn tí wọ́n fi kún un kò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Capcom ní Ọ̀sákà ló ṣe é, kì í ṣe ilé iṣẹ́ tí wọ́n háyà lókèèrè. Idà tó wúwo, ẹranko tí kò ní àmì ìlera lórí, ṣíṣe ohun ìjà láti ara awọ ohun tí a pa, ọdẹ mẹ́rin tó ń ran ara wọn lọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú Portable 3rd tí ìwọ̀-oòrùn kò rí. Ìyàtọ̀ tó tóbi jù ni pé lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo ayé gbà á lọ́jọ́ kan náà, ní èdè wọn, láìdúró de kí ọdún méjì kọjá. Iṣẹ́ olùtẹ̀jáde nìyẹn, àwọn ọ̀gá ní Ọ̀sákà ti mọ ìdí iṣẹ́ tiwọn láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ Monster Hunter ní 2004.

Láti ọdún 2023, àwọn ilé iṣẹ́ géèmù ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ti lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, mo sì ti ń rí àwọn tó ń kọ ọ́ pé ìwọ̀-oòrùn ló ti tán báyìí, pé Jàpáànù nìkan ló ṣì mọ géèmù ṣe. Inú àwọn kan tó fẹ́ràn Jàpáànù ń dùn sí i. Kò yẹ kó dùn mọ́ wọn; irọ́ kan náà ni, wọ́n kàn yí i lójú dé. Ní 2023 yẹn, ọdún kan lẹ́yìn Elden Ring, Baldur's Gate 3 ló gba àmì ẹ̀yẹ géèmù ọdún ní The Game Awards, ilé iṣẹ́ Larian tó ṣe é sì wà ní ìlú Ghent, ní Bẹ́ljíọ̀mù.